Aṣọ Àlejò Ayé Mìíràn: Láti Orí Ẹ̀kú Ìgbómìnà dé Orí Ẹ̀dá Inú Ìtàn Sáyẹ́ǹsì

Kò sí ẹni tí ó lọ sí ọ̀run rí tí ó padà wá sọ irú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, bí eégún bá jáde ní Àrándùn, ọmọ ọdún márùn-ún yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tí ń bọ̀ yìí kì í ṣe ará ilé. Kí ni ó fi mọ̀? Kì í ṣe ojú, nítorí ojú kò hàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀, nítorí eégún lè má tíì fọhùn. Ohun tí a rán, tí a hun, tí a so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, tí a sì fi bo ọwọ́, ni ó kọ́kọ́ sọ fún ọmọ náà pé àlejò dé.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí ti di ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ lónìí. Ní àwọn ìlú ńlá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa kóra jọ pẹ̀lú aṣọ àwọn ẹ̀dá inú ìtàn sáyẹ́ǹsì lára wọn. Ìtàn sáyẹ́ǹsì ni ìtàn àròsọ tí a gbé karí ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè bí lọ́jọ́ iwájú: ọkọ̀ tí ń rìn láti ìràwọ̀ kan dé òmíràn, ẹ̀rọ tí ń ronú bí ènìyàn, ẹ̀dá tí ó ti ayé mìíràn wá. Páálí, fóòmù, ike àti bébà ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí fi ń ṣe àṣíborí, ìgbàyà àti ohun ìjà àwọn ẹ̀dá náà, nínú yàrá tàbí ẹ̀yìnkùlé ilé wọn.

Èrò méjì ni ó ti dìde lórí rẹ̀. Àwọn àgbà kan wí pé eré àjèjì ni, pé kò ní í ṣe pẹ̀lú ọmọ Yorùbá. Àwọn ọ̀dọ́ kan sì wí pé ohun tuntun ni, pé àwọn baba wọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí a bá gbé èrò méjèèjì lé orí ìwọ̀n ìtàn, kò sí èyí tí ó kún ojú òṣùwọ̀n nínú wọn.

ẸKÚ NÍ ILẸ̀ ÌGBÓMÌNÀ

Àrándùn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ní agbègbè kan náà pẹ̀lú Ọ̀mù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́. Ìgbómìnà ni wọ́n, bí Ìlá Ọ̀ràngún tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti jẹ́ Ìgbómìnà. Bí a bá dárúkọ Ìgbómìnà níwájú àwọn tí ó mọ eégún, Eléwe ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn, nítorí pé òun ni eégún tí a fi ń dá àwọn ènìyàn yìí mọ̀.

Awo ni eégún, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni tú ohun tí àwọn aláwo kò tú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó hàn sí gbogbo ojú ní ìta gbangba tó fún ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wo ẹ̀kú yóò rí i pé iṣẹ́ mẹ́ta ni àwọn ohun ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ń ṣe.

Iṣẹ́ kìíní ni ìbora. Àwọ̀n ni a fi ń dí ojú: ẹni tí ó wà nínú ń ríran, ẹni tí ó wà níta kò rí i. A rán aṣọ bo ọwọ́ títí dé orí ìka, a sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹsẹ̀. Bí awọ ara ènìyàn bá yọ níbì kan, ará ọ̀run ti di Lágbájá tàbí Tàmẹ̀dù.

Iṣẹ́ kejì ni ìró. Ohun tí ń dún lẹ́sẹ̀ eégún a máa ṣáájú rẹ̀ dé etí àwọn ènìyàn. Kí wọ́n tó rí i, ọkàn wọn ti ń múra sílẹ̀ dè é. Ìró náà sì ń yí ìrìn padà, nítorí pé ẹsẹ̀ tí a so ṣaworo mọ́ kò ní í rìn bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń lọ sí oko.

Iṣẹ́ kẹta ni àmì. Àwọ̀ aṣọ, bí a ti gé e, bí a ti tò ó, ohun tí a gbé lé orí àti ohun tí a fi sí ọwọ́, gbogbo rẹ̀ ni ó ń sọ ilé tí eégún ti wá àti irú eégún tí ó jẹ́. Ọ̀kan kì í jọ èkejì lójú ẹni tí ó mọ̀ wọ́n.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kíyè sí. Ní ọ̀pọ̀ ilé eégún ilẹ̀ Yorùbá, a kì í ṣe ẹ̀kú tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọdún ti ń yí ni àwọn ọmọ ilé ń fi aṣọ tuntun lé ti àtẹ̀yìnwá. Aṣọ tí a hun nílé lè wà nínú, kí àrán, dàmásíìkì àti aṣọ ilé iṣẹ́ òyìnbó wà lóde. Èyí fi hàn pé àwọn tí ó ṣe ẹ̀kú kò fi ìgbà kan kọ ohun tí ó ti òkèèrè wá. Wọ́n gbà á, wọ́n gé e, wọ́n sì rán an mọ́ ohun tiwọn títí ó fi di ti ilé. Ẹni tí ó bá ní ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ fi ohun àjèjì ṣe ẹ̀ṣọ́ ara kò tíì wo ẹ̀kú dáadáa.

ÀWỌN ÀLEJÒ ẸSÌẸ́

Ní Ẹ̀sìẹ́, nítòsí Àrándùn, ère òkúta wà tí iye wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Irú òkúta rírọ̀ tí irin lè gbẹ́ ni a fi ṣe wọ́n. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, tí ó ń bójú tó ilé-ìwé ìjọ CMS, kọ ìròyìn nípa wọn fún àwọn ará òde, ṣùgbọ́n àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti ń bọ wọ́n tipẹ́tipẹ́ kí ó tó dé. Ní 1945 ni a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún wọn, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àlejò ni àwọn ère wọ̀nyí, pé wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n sì di òkúta. Ẹni tí ó bá wò wọ́n yóò rí i pé ẹ̀ṣọ́ ara ni ó gba ọwọ́ agbẹ́kùúta jù. Irun dídì tí ó ga, fìlà, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ilà ojú, ohun ìjà lọ́wọ́: ohun wọ̀nyí ni ó sọ ọ̀kan di jagunjagun, tí ó sì sọ òmíràn di ọlọ́lá.

Ṣùgbọ́n ìtàn Ẹ̀sìẹ́ ní ìbànújẹ́ kan nínú. Iṣẹ́ náà wà, orúkọ ẹni tí ó ṣe é kò sí. Irinṣẹ́ tí ó lò, ọ̀nà tí ó gbà fi gbẹ́ irun dídì náà, ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ti bá a wọ ilẹ̀. Èyí ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá tọ́jú ohun tí a ṣe tí a kò sì tọ́jú ìmọ̀ bí a ti ṣe é.

ÒYÌNBÓ INÚ ÀPÒ NÍ 1826

Ní oṣù Kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, tí òun ń pè ní Katunga. Aláàfin Májòtú ni ó wà lórí ìtẹ́. A pe Clapperton wá wo eré àwọn onídán, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1829 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àwọn òṣèré wà nínú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n sì ń tàkìtì. Lẹ́yìn náà ni ère ńlá yọ orí jáde láti inú àpò kan. Clapperton fojú bu gígùn rẹ̀ sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá. Aṣọ tí a kùn bí ara ejò ni, ènìyàn sì ni ó ń gbé e rìn nínú. Ní ìparí, àpò mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí funfun yọ, ara funfun tẹ̀ lé e: ẹ̀dá kan tí ó tín-ín-rín, tí òtútù ń mú, tí ń fa aáṣáà, tí ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, tí ó sì ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò wọ bàtà tí ó ń rìn lórí omi dídì. Clapperton mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irú òun ni wọ́n ń ṣe. Àwọn èrò ìwòran rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń wo ojú rẹ̀.

Kò sí òyìnbó púpọ̀ tí ó ti dé Ọ̀yọ́-Ilé nígbà náà. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìlú, ẹ̀dá ayé mìíràn ni òyìnbó jẹ́. Àwọn onídán mú ohun díẹ̀ tí wọ́n ti rí tàbí tí wọ́n ti gbọ́, wọ́n sì fi aṣọ, ọ̀dà funfun àti aáṣáà ṣe àlejò náà tán. Ní ìran àwọn onídán tí ó tẹ̀ lé wọn, òyìnbó kò kúrò nínú eré. Imú rẹ̀ gùn, irun ẹdun tí ó dúdú tí ó sì ń dán ni wọ́n fi ṣe irun orí rẹ̀, a sì máa mú ìwé àti kálàmù lọ́wọ́ bí ẹni tí ń kọ orúkọ àwọn ènìyàn sílẹ̀.

ÌWÉ, ORÍ ÌTÀGÉ ÀTI ÒKÈÈRÈ

Nígbà tí ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938, ọ̀nà àwọn baba rẹ̀ ni olùkọ́ ọmọ Òkè-Igbó yìí tọ̀ láti fi dá Àgbákò. Ó fún un ní ojú mẹ́rìndínlógún yí orí ká, ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀. Fìlà irin ni ó dé e, ẹ̀wù idẹ ni ó wọ̀ ọ́, awọ ni ó fi ṣe ṣòkòtò rẹ̀, ó sì fi àwọ̀n irin àti imọ̀ ọ̀pẹ kún un. Irin, idẹ, awọ, àwọ̀n, imọ̀ ọ̀pẹ: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò lè rí ní ìlú Yorùbá kan ní ọjọ́ ọjà. Ohun tí a mọ̀ ni Fágúnwà fi dá ohun tí a kò mọ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní oṣù Keje 1939, àwọn olólùfẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì láti onírúurú ibi pàdé ní ìlú New York, ní ìpàdé àgbáyé wọn àkọ́kọ́. Méjì nínú wọn, Forrest J Ackerman àti Myrtle Douglas, wọ aṣọ àwọn ènìyàn ọjọ́ iwájú wá síbẹ̀. Douglas ni ó rán aṣọ náà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń kọ ìtàn eré yìí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn.

Ọdún 1963 tún jẹ́ ọdún tí ó yẹ kí a rántí. Ní ọdún náà ni ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìwé Amos Tutùọlá, tí ó jáde ní 1952, sí orí ìtàgé ní Ìbàdàn, wọ́n sì pe eré náà ní Ọ̀mùtí. Ìtàn náà kún fún àwọn iwin àti àwọn òkú tí Ọ̀mùtí pàdé lọ́nà nígbà tí ó ń wá adẹ́mu rẹ̀ lọ. Demas Nwoko, ayàwòrán tí ó kọ́ iṣẹ́ ní Zaria àti ní Paris, ni ó gbìmọ̀ ìtàgé àti aṣọ eré náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, tẹlifíṣàn BBC ní Lọndọnu fi ẹ̀dá kan tí a ń pè ní Dalek han àwọn òǹwòran fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀dá ayé mìíràn ni, àwọn ọmọdé sì bẹ̀rù rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ju rọ́bà onígi tí àwọn oníṣẹ́ omi-ẹ̀rọ fi ń tú ihò tí ó bá dí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1977, nígbà àjọ̀dún FESTAC ní Èkó, Nàìjíríà gbé eré Lángbòdó kalẹ̀, èyí tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú ìwé Fágúnwà, àwọn ẹ̀dá inú igbó sì tún gbé ara wọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ni fíìmù Star Wars jáde ní Amẹ́ríkà. Idà oníná inú fíìmù yẹn di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Roger Christian, ẹni tí ó ṣe é, rí ọwọ́ iná kámẹ́rà àtijọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Lọndọnu, ó lẹ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, ó sì di idà.

Nítorí náà, kì í ṣe ọrọ̀ tàbí ẹ̀rọ ńlá ni ó bí àwọn ẹ̀dá tí ayé ń pariwo wọn. Ojú tí ó lè wo ohun àlòkù kí ó sì rí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ni ó bí wọn, ojú bẹ́ẹ̀ sì ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí Clapperton tó débẹ̀.

Ó wà níbẹ̀ di òní. Láti 2012 ni àjọ Lagos Comic Con ti ń pe àwọn olólùfẹ́ ìtàn alàwòrán jọ ní Èkó, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń wọ aṣọ tí wọ́n ṣe fúnra wọn wá. Ní 2019 ni òkìkí àwọn ọ̀dọ́ Kàdúná tí a ń pè ní Critics Company kàn, nítorí pé fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ni wọ́n fi ń ya fíìmù sáyẹ́ǹsì. Ní 2020, àwọn ọmọ Ìkòròdú tí wọ́n ń jẹ́ Ikorodu Bois fi kẹ̀kẹ́ ẹrù àti ohun èlò inú ilé tún fíìmù Amẹ́ríkà kan ṣe, àwọn tí ó ṣe fíìmù náà sì yìn wọ́n.

ÀRÍYÀNJIYÀN ÀTI ỌNÀ ÀBÁYỌ

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẽṣe tí ilé-ìwé kò fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ yìí? Ìdí méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn òbí tí ó jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì kò fẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ ohun tí ó jọ ẹ̀kú. Àwọn aláwo pẹ̀lú kò fẹ́ kí a tú àṣírí wọn sínú ìwé kíláàsì. Ìdí méjèèjì ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kí wọ́n dí ọ̀nà pátápátá, ìmọ̀ ọwọ́ yóò bá àwọn tí ó ni ín lọ, gẹ́gẹ́ bí ti Ẹ̀sìẹ́ ti lọ.

Ibi yìí gan-an ni ẹ̀dá inú ìtàn sáyẹ́ǹsì ti wúlò. Kì í ṣe òrìṣà, kò ní igbàlẹ̀, kò sì ní ilé kan tí yóò bínú nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ̀ṣọ́ ẹ̀kú ń ṣe, ìbora, ìró àti àmì, ni ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ náà ní láti ṣe. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe àṣíborí ará ìràwọ̀ lè mú akèrègbè ńlá tí ó ti gbẹ, kí ó fi okùn wọn orí rẹ̀, kí ó fa ìlà sí ara akèrègbè, kí ó sì fi ayùn kékeré gé e jẹ́jẹ́ kí ó má baà là. Yóò ha inú rẹ̀ mọ́, yóò fi àkísà tẹ́ ẹ kí ó má baà bó o lórí, yóò sì dá ihò tí èémí yóò máa gbà jáde. Aṣọ àwọ̀n dúdú ni yóò fi dí ojú, nítorí pé dúdú ń jẹ́ kí ẹni inú ríran ju funfun lọ. Fún ìgbàyà, yóò kọ́kọ́ gé bébà wọn ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò gé páálí tẹ̀ lé bébà náà. Yóò fi ògì sísè lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ọn ní ìpele ìpele, yóò sì sá a sí òòrùn títí yóò fi le. Agolo mílíìkì lè di irin ara rẹ̀, bí ó bá ti ká etí rẹ̀ kí ó má baà ge ènìyàn. Ìdérí ìgò tí a fi ìṣó lu, tí a sì sín sí okùn, yóò di ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí ni ìṣírò wà, ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti ìró wà, ìmọ̀ ohun tí ń rọ̀ àti ohun tí ń le wà.

Kì í ṣe àlá lásán ni pé kí ilé-ìwé gba irú oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wọlé. Bámigbóyè, agbẹ́gilére láti agbègbè Odò-Ọ̀wá tí ó kú ní 1975, gbẹ́ àwọn ère orí Ẹpa tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, a mú un wá kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ gbígbẹ́ ní ilé-ìwé ìjọba ní Ọ̀mù-Àrán, nítòsí Àrándùn. Kò mú ìbọ òrìṣà wọ kíláàsì. Ọwọ́ rẹ̀ àti irinṣẹ́ rẹ̀ ni ó mú wọ ibẹ̀. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ fún àfihàn, orúkọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti àwọn agbẹ́kùúta Ẹ̀sìẹ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ tí ó kù fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n lè lọ bá télọ̀, ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ àti agbẹ́gi ní Àrándùn, kí wọ́n bi í léèrè bí ó ti ń ṣe ohun tí kì í ṣe awo: bí a ti ń gé aṣọ tí etí rẹ̀ kò fi ní tú, bí a ti ń hun àwọ̀n tí ó nípọn lójú èrò tí kò sì dí ojú ẹni inú, bí a ti ń dì ẹrù sí orí tí kò fi ní wó bí a bá ń jó. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀, ohun tí ó lò, ọ̀nà tí ó gbà àti ọdún tí ó jẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ́ ṣe ẹ̀dá tí ó bá wù wọ́n, ìbáà jẹ́ ará oṣù tàbí ará ìràwọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àgbà ni ó mọ bí a ti ń rán ojú àlejò, ọmọdé ni ó mọ ayé tí àlejò tòní ti ń bọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó pọ̀ nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rán ṣì wà láyé, ìmọ̀ náà kò ní í di òkúta.